Létà Tí Ìyá Ọkọ Mi Tẹ̀ka Sí

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹ̀yin ará. Èmi ni Ìyá Bùkọ́lá. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, ẹ sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu tíṣà, ṣùgbọ́n màá gbìyànjú.

Nígbà tí ọmọ mi Bùkọ́lá lóyún ìbejì ní Ìlú Ọba, dókítà dá a dúró sí ọsibítù, wọ́n ní kò gbọdọ̀ rìn. Ọ̀nà jíjìn ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé, onílé wọn ò sì gba àlejò. Mo ti gba físà, mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ibi tí màá gbé fún oṣù márùn-ún ni kò sí. A wá rí fúláàtì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsibítù náà, ó ní kíṣìnnì, inú mi dùn. Ni ẹ́jẹ́ǹtì tó ń fi ilé náà háyà bá ní òun fẹ́ létà lọ́wọ́ onílé tí mo gbé ilé rẹ̀ kẹ́yìn, kó sọ bí mo ṣe ń lo ilé.

Onílé kẹ̀! Èmi tí mo máa ń yangàn ní Ọ̀fà yìí pé n kò háyà ilé rí láyé mi. Ilé bàbá mi ni mo ti bọ́ sílé ọkọ. Mo ṣàlàyé títí, ẹ́jẹ́ǹtì ò gbọ́. Ó fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta, ó ní àwọn ẹlòmíì ń dúró. Mo gbààwẹ̀, mo sunkún. Mo ń ro ti Bùkọ́lá lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, pé kò ní rí ẹni gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo wà lórí eékún nígbà tí nǹkan kan sọ sí mi lọ́kàn pé, ta ló ni ilé tí o wà? Mo dákẹ́ àdúrà.

Ìyá ọkọ mi ló ni ín. A ò sì tíì sọ̀rọ̀ ju ẹ káàárọ̀ lọ láti ọdún méjì, nítorí pé nígbà tí mo fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sẹ́yìnkùlé, mo ní kí bíríkìlà wó ààrò wọn láìbèèrè. Orí ààrò yẹn ni wọ́n ti se oúnjẹ tí ọkọ mi olóògbé jẹ dàgbà. Mo ní ṣebí gáàsì wà. N ò sì bẹ̀ wọ́n. Ìgbéraga ni, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ níwájú Ọlọ́run.

Mo lọ kúnlẹ̀ ní yàrá wọn, mo ro ẹjọ́ mi. Mo ti gbà pé wọ́n á lé mi jáde. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n lọ mú bíírò wá. Wọn ò mọ̀wé, nítorí náà wọ́n ń sọ, mò ń kọ.

Wọ́n ní, "Kọ ọ́ pé ìyàwó mi ti bá mi gbé fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó máa ń gbálẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò ba nǹkan kan jẹ́ nílé mi."

Mo gbé bíírò sílẹ̀. Mo ní, "Mà, ààrò ńkọ́?"

Wọ́n ní, "Ẹ́jẹ́ǹtì ò bèèrè ààrò. Kọ ọ́. Kí o sì fi kún un pé mo fẹ́ kó padà wá."

Omijé ni mo fi kọ ìyókù. Mo túmọ̀ rẹ̀ sí òyìnbó, wọ́n tẹ̀ka sí i, Fíkà ìjọ wa jẹ́rìí sí i, mo fi ránṣẹ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta tó ṣú, ẹ́jẹ́ǹtì ti fún mi nílé. Ibẹ̀ ni mo ti ń se ọbẹ̀ lọ sí ọsibítù lójoojúmọ́, ibẹ̀ la gbé Táíwò àti Kẹ́hìndé wá. Ìyá wọn ti ń rìn, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni mo dé. Kí n tó tú ẹrù mi, mo ti pe bíríkìlà. Màmá fúnra wọn ló jókòó tì í, wọ́n ń júwe ibi tí yóò mọ ààrò tuntun sí. Àwọn ló jókòó sí iwájú níbẹ̀ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dìde kí wọ́n rí yín.

Ẹ bá mi yọ̀, ẹ̀yin ará, ẹ bá mi fi ògo fún Ọlọ́run. Tí ìsìn bá parí, kí ẹnikẹ́ni má tíì lọ sílé rẹ̀. Ìrẹsì wà nílé wa, orí ààrò Màmá la ti sè é.