Irọ́ Òòyì Tí Mo Pa Nílé Ìwòsàn

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Irọ́ kan wà lọ́rùn mi tí ọmọ tí mo bí kò mọ̀. Bí mo bá rántí rẹ̀, ẹ̀rín máa ń pa mí, lẹ́yìn náà ojú á tì mí. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ọmọ náà ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run káàkiri lórí ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Opó ni mí, Oǹdó ni mo ń gbé. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ṣubú nínú ilé ìwẹ̀, egungun ìbàdí mi dá. Ilé ìwòsàn kan ní Àkúrẹ́ ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Nígbà tí mo padà sílé, wọ́n ní kí n máa wá ṣe ìdárayá ẹsẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Fúnkẹ́ ọmọ mi bi wọ́n pé ṣé kò ṣeé ṣe nílé. Wọ́n ní rárá o. Bí mo bá ti dìde, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi á já wálẹ̀, òòyì á kọ́ mi, dókítà sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé pé òótọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Fúnkẹ́ á tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣe irun, á fi mọ́tò gbé mi lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Bàbá Ìjù. Àgbẹ̀ ará Ìjù ni, ìyàwó rẹ̀ ti kú. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló mú ọwọ́ òsì rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó gbé e sókè, á máa bá a wí bí ẹni ń bá ọ̀lẹ wí: "Ìwọ ọwọ́ yìí, o ti sinmi tó! Iṣu ń dúró dè ọ́ lóko." Gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín.

Ilé mi dákẹ́ jù, ẹ jọ̀ọ́. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, rédíò nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́.

Nígbà tó yá, ọ̀dọ́mọbìnrin onífisió tó ń darí ìdárayá wa wo bí mo ṣe ń rìn, ó ní, "Màmá, ẹ kú oríire. Ara yín ti balẹ̀, ìfúnpá yín kò já wálẹ̀ mọ́. Èyí tó kù, ẹ lè ṣe é nílé, ẹnì kan á máa wá bá yín ní Oǹdó. Àwọn tó nílò dókítà nítòsí, tàbí ẹ̀rọ tí kò sí nílé, ni a máa ń dá dúró síbí."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Èmi wo ibi tí Bàbá Ìjù jókòó sí. Mo kàn gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé, "Òòyì ń kọ́ mi." Mo di irin mú, mo sì dijú.

Wọn ò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ fi ẹ̀mí mi tàfàlà. Wọ́n ní kí n ṣì máa bọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti dárúkọ ilé, òòyì á dé.

Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí ọkùnrin kan fi ti ìyàwó rẹ̀ wọlé lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Ìyàwó náà kéré sí Fúnkẹ́. Wọ́n ní kò sí àyè, kí wọ́n padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Ọkùnrin náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọkàn rẹ̀ ò tíì lágbára. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ ṣe é nílé rárá."

Àyè tí wọ́n ń wá, èmi ni mo jókòó lé e.

Mo dìde láìdi nǹkan kan mú. Mo ní, "Ẹ fún un ní àyè tèmi. Òòyì ò kọ́ mi mọ́."

Ọmọbìnrin fisió yẹn ní, "Màmá, látìgbà wo?"

"Láti àárọ̀ yìí." Ẹ wò ó, irọ́ mìíràn ni mo tún fi bo ti àkọ́kọ́.

Gbogbo yàrá hó yèè. Fúnkẹ́ kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́. Bàbá Ìjù nìkan ni kò pariwo. Bí mo ṣe ń kọjá, ó rọra fi ohùn ará Ìjù rẹ̀ sọ pé, "Màmá Fúnkẹ́, ẹ ò bá kúkú ti bèèrè ọ̀nà ulé mi." Ó ti mọ̀ tipẹ́!

Mo lọ kí obìnrin yẹn láìpẹ́ yìí, mo ra ọsàn dání. Ọkọ rẹ̀ sọ fún mi pé ìyàwó òun dákú lẹ́ẹ̀kan lẹ́nu ìdárayá, dókítà sì sáré wọlé kó tó di ọ̀ràn. Ara mi bù máṣọ. Ṣùgbọ́n obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló rìn wá ṣílẹ̀kùn fún mi, inú mi sì dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé láti kí i.

Bàbá Ìjù ń wá sí Oǹdó ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè báyìí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi la ti jọ ń ṣe ìdárayá. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ fẹ́ wá tọrọ mi lọ́wọ́ àwọn ọmọ mi. Fúnkẹ́ ń sọ fún gbogbo ayé pé Ọlọ́run tó mú òòyì kúrò lára màmá òun náà ló tún fún màmá lọ́kọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tó ń tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù nítorí irọ́ mi, ṣé kí n sọ fún un kí àlejò tó dé, àbí ìgbà tí wọ́n bá lọ tán? Ẹ sáà má sọ pé kí n má sọ ọ́ rárá, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi.