Ọmọ Tó Pe Olùkọ́ Rẹ̀ Nínú Ọkọ̀

Inú ọkọ̀ tó ń ti Òmù-Àrán lọ sí Ìlọrin ni mo ti gbọ́ ọ, láàárín ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń kẹ́kọ̀ọ́ báyòkẹ́mísírì ní yunifásítì.

"Màámi, ẹ̀jẹ̀ eku tí mo fẹ́ fi ṣe pírójẹ́ẹ̀tì mi bàjẹ́ nínú fíríìjì nígbà tí iná lọ. Èsì ti ọ̀rẹ́ mi ni mo wò kọ, mo kàn yí i díẹ̀."

"Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n bi mí bóyá èmi ni mo ṣe é. Mo ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni, sà.'"

Ìyá náà ò pariwo. "Pè wọ́n báyìí, ká tó dé Gánmọ̀."

Ọmọ náà bẹ̀ ẹ́ títí, kó tó pè. Ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, sà, irọ́ ni mo pa fún yín." Ó tẹ́tí díẹ̀, ó wá fi ìborùn bojú.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní àwọn ti mọ̀. Wọ́n ní èmi làwọn ń retí, pé kí n fẹnu ara mi sọ ọ́. Kí n wá tún un ṣe."

Ó jọ pé èébú ì bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Èmi ni wọ́n ń retí," ló ń wí ṣáá, tó ń sunkún. Kò sẹ́ni tó lè wò ó lójú. Ìyá rẹ̀ gan-an, ìta ló ń wò.