Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún Dígí

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka ohun tí àbúrò mi ná, kí n tó ka ohun tó kù. Ọdún mẹ́sàn-án ló ná. Ogójì ọjọ́ Àìkú lọ́dún, wákàtí mẹ́rin lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, níwájú tẹlifíṣọ̀n tí ẹ kẹ̀yìn sí yẹn, ó ń wo àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó ń gbá gọ́ọ̀fù. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹgbèje wákàtí ó lé ogójì. Ohun tó kù ni igi gọ́ọ̀fù mọ́kànlá, bọ́ọ̀lù mẹ́tàlélógún tó ti họ lára, bàtà kan tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣí, àti káàdì kan tó wà nínú àpò mi.

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀yin pẹ́ńtà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ọ̀dà ṣì wà léèékánná yín, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù tí ẹ tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo rí yín. Ẹ̀yin gan-an ni mo bá wá.

Inú ń bí mi. Èmi ni ẹ̀gbọ́n, òun ni àbúrò, èmi ni mo wá dúró tí mò ń sọ̀rọ̀ ìdágbére. Ìyẹn nìkan tó láti bí èèyàn nínú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Dígí, ẹ gbọ́. Nígbà tó fẹ́ kọ́ gọ́ọ̀fù, ó ní òun ò ní sanwó fún olùkọ́ kankan nígbà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jù ń gbá a lọ́fẹ̀ẹ́ nínú pálọ̀ òun. Mi ò bá a jiyàn lórí owó, ẹ kúkú mọ̀ mí. Ó dojú kọ tẹlifíṣọ̀n, ó mú igi ìgbálẹ̀ dání, ó ń ṣe bí wọ́n ti ń ṣe. Wọ́n bá ju apá sápá ibí, òun náà á jù ú sápá ibí. Oṣù mẹ́ta gbáko. Ọjọ́ tó dé pápá tó di igi gidi mú, ojú irin rẹ̀ kẹ̀yìn sí bọ́ọ̀lù. Bí ẹni ń wo dígí ló ṣe kọ́ ọ. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ti di ọwọ́ òsì tirẹ̀. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti mọ ìdajì báyìí, ó ku kí òun yí i padà. Ìyàwó wa tó jókòó yìí ní kó lọ dúró sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ mú un wọ ẹgbẹ́. Ẹ gba owó ẹgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ò bá a gbá. Nínú gọ́ọ̀fù, ẹni tó lu bọ́ọ̀lù níwọ̀nba ìgbà ló mọ̀ ọ́n, àbúrò mi sì ń lù ú ní ìgbà méjìdínláàádọ́fà kó tó gbá a wọ gbogbo ihò tó yí pápá ká. Ẹ ní ó ń fa eré sẹ́yìn. Alága, ẹ̀yin lẹ fi ẹnu ara yín sọ fún un pé kó lọ máa wo àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, pé ọjọ́ tó bá wọ abẹ́ ọgọ́rùn-ún, ẹ máa bá a gbá.

Ó lọ wò wọ́n. Ọdún mẹ́jọ kọjá. Méjìdínláàádọ́fà di mẹ́tàdínláàádọ́fà. Ẹyọ kan ṣoṣo ló dín. Mo sọ fún un pé bí wíwò bá ń kọ́ni níṣẹ́, èmi tí mo ti ń wo àwọn awakọ̀ nílé ìkẹ́rùsí láti ogún ọdún ì bá ti máa wa tírélà. Ó ní èmi ni mi ò wò wọ́n dáadáa.

Lọ́dún tó kọjá, ó já bọ́ lórí àkàbà, èjìká rẹ̀ yẹ̀. Oṣù márùn-ún ni kò fi lè gbé apá. Ìyàwó wa ní ariwo tẹlifíṣọ̀n ti sú òun, kó pa ohùn rẹ̀. Ó pa á. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yí. Nígbà tí kò gbọ́ ohùn àwọn tó ń yìn wọ́n mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ohun tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó lu bọ́ọ̀lù. Ó pè mí níbi iṣẹ́, èmi tí mi ò fẹ́ kí wọ́n máa pè mí níbi iṣẹ́.

“Bọ̀ọ̀dá, wọn kì í gbá a síbi tó wù wọ́n o. Ibi tí wọ́n bá ti lè ṣìṣe kó má dá wọn lóró ni wọ́n ń gbá a sí. Bó bá wọ igbó, wọ́n á rọra gbá a jáde sórí koríko, wọ́n á gbà pé ẹyọ kan ti lọ nìyẹn. Àwa là ń fẹ́ kó fò kọjá lórí igi.”

Ọdún mẹ́jọ ló fi wo ibi tí bọ́ọ̀lù ń fò lọ. Oṣù márùn-ún ló fi wo bí wọ́n ṣe ń ronú. Ẹ̀yin tí ẹ bi mí lẹ́nu ọ̀nà bóyá ìwòran yẹn wúlò, èsì mi nìyẹn. Kò kọ́ ọwọ́ rẹ̀ ní nǹkan kan. Orí rẹ̀ ló kọ́. Èmi ni mo jẹ̀bi àríyànjiyàn yẹn, mo sì sọ ọ́ fún un kó tó lọ.

Sátidé kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọkàn rẹ̀ tó dáwọ́ dúró lẹ́nu iṣẹ́, èmi ni mo gbé àpò igi rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń gbé ẹrù àbúrò, torí pé owó ẹni tó ń gbé àpò ń dùn mí ju èjìká mi lọ. Kò gbá ẹyọ kan gba orí igi. Níbi adágún tó ti máa ń sọ bọ́ọ̀lù mẹ́ta nù, ó gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rìn yí i ká, ó wojú mi. Mo kà á. Ogún ọdún ni mo ti ń ka páálí, ẹyọ kan ò sọnù lọ́wọ́ mi rí. Mo kọ iye rẹ̀ sórí káàdì pápá, mo tún un kà. Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Ó jókòó sórí koríko, omi ń dà lójú rẹ̀.

Ó gbé káàdì náà lọ bá alága. Alága ní àwọn ò lè kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́, pé ọmọ ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i, pé èmi kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ wò ó o. Kò sí ọmọ ẹgbẹ́ tó máa bá a gbá àfi tó bá wọ abẹ́ ọgọ́rùn-ún. Kò sì lè wọ abẹ́ ọgọ́rùn-ún àfi tí ọmọ ẹgbẹ́ bá bá a gbá. Ta ló ṣe irú ìṣirò yẹn? Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, mo mọ̀ pé kò lè jáde láéláé. Ẹ sì rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú yín ní bóyá inú dígí ló ti gbá a.

Alága ń mi orí. Ó ní òfin ni, ó ní ká sọ ọ́ níbòmíràn. Níbo? Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń wá bí ẹ ṣe máa wà níbì kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ó di ọjọ́ tó kú kí ẹ tó wá.

Káàdì náà rè é. Ẹ fi ìwé yín sílẹ̀. Àwọn pẹ́ńtà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bá mi kọ ọ́ láàárọ̀ yìí, sára pósí rẹ̀, lábẹ́ orúkọ rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀dà funfun. Ẹni tó bá máa pa á rẹ́, kó wá.

Àbúrò mi, máa lọ. Rọra máa lọ, má wẹ̀yìn. Ilé rẹ, èmi yóò máa yà síbẹ̀. Ìyàwó rẹ ò ní dá nìkan wà. Sùn re.

Ẹ̀yin tí ẹ tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó wọ abẹ́ ọgọ́rùn-ún, ẹ sì ti ṣèlérí. Ihò méjìdínlógún ló wà ní pápá yín. Iye tí ẹ jẹ ẹ́ nìyẹn. Ihò méjìdínlógún. Ẹ ò tíì san ọ̀kan.