Wọ́n Gbé Kúlà Mọ́ínmọ́ín Lé Ìfẹ̀hónúhàn Mi Lórí

Déolú, má dá mi lóhùn! Má tiẹ̀ sọ pé "Tẹ́ní, pẹ̀lẹ́," torí mi ò fẹ́ pẹ̀lẹ́ kankan lónìí. Aṣọ ìbùsùn fífẹ̀ tí mo fi ọ̀dà kọ̀wé sí yẹn, ṣé o rò pé èèyàn kan ṣoṣo lè nà án ni? Ọwọ́ méjì èmi nìkan? Mo ní kí o wá di apá kan mú, o sì búra fún mi ní ẹnu ọ̀nà ilé mi ní Capitol Heights, ní Amẹ́ríkà níbí, o fọwọ́ kan ilẹ̀, o fi kan ahọ́n, pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́ lọ́jọ́ Sátidé, ìwọ ni màá kọ́kọ́ rí. Ṣé o wá? O gba Landover lọ, o lọ ń wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà sáré bí ẹni tó jí iṣu! Ọlọ́run ló máa bá mi bi ọ́.

Dúró, mi ò tíì dé ibi tó ń dùn mí.

Ṣebí o mọ ilé olókùúta yẹn, èyí tí olóko tábà àtijọ́ kọ́ bí ààfin ọba Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n wá sọ di mùsíọ́ọ̀mù? Lóṣù tó kọjá tí mo dá lọ, kí n tó lanu ni ẹ̀ṣọ́ ti fọ̀nà ìta hàn mí. Ìyẹn ni mo fi bẹ Àǹtí Mobáyọ̀, olórí Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, pé kí n bá wọn lọ ṣe fàájì wọn níbẹ̀. Ta ló máa fura sí àwọn màmá tó dé àkẹtẹ̀ ọjọ́ Ìsinmi? Mo ká aṣọ ìbùsùn mi, mo fi í sínú àpò tí wọ́n kó àwo àti ṣíbí sí. Ọgbọ́n ni, àbí kì í ṣe ọgbọ́n?

A wọlé. Ọmọbìnrin tó ń mú wa kiri fi àwòrán hàn wá lára ògiri: bàbá onílé, ọmọ onílé, ẹṣin onílé, orúkọ oníkálukú lábẹ́ rẹ̀. Ó tún kan ajá. Ajá, Déolú! Wọ́n kọ orúkọ ajá, wọ́n kọ irú ẹran tí ajá fẹ́ràn! Mo ní, "Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ńkọ́, àwọn tó gbé òkúta yìí, tó gbin tábà, tó dáná?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ìyẹn ò sí nínú ohun tí àwọn ń fi han àlejò. Àǹtí Mobáyọ̀ já mi léèékánná lápá: "Tẹ́ní, fàájì la bá wá o, má jẹ́ kí wọ́n lé wa." Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyókù wà lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń fẹsẹ̀ kan síwájú bí ìyàwó onílé!

Mo ní kò burú. Tí a bá jáde, iwájú ilẹ̀kùn ni màá ti na aṣọ mi. Mo yà sí ilé ìtọ̀, mo pè ọ́. Ẹ̀rọ ló ń dá mi lóhùn. Mo jáde. Hẹ̀ẹ̀!

Wọ́n ti tẹ́ aṣọ mi sórí koríko! Ibi tí mo fi Gẹ̀ẹ́sì kọ gàdàgbà pé TA LÓ KỌ́ ILÉ YÌÍ, kúlà mọ́ínmọ́ín ló wà níbẹ̀, ìrẹsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Àǹtí Délọ́lá, ọ̀kan nínú àwọn màmá náà, sì jókòó pẹ̀sẹ̀ lórí Ẹ DÁRÚKỌ WỌN! Mo figbe ta. Àǹtí Mobáyọ̀ ní, "Kí ló dé? Aṣọ mímọ́ ni, wọ́n kàn kọ nǹkan sí i ni." Mo ní, "Èmi ni mo kọ ọ́, mà!" Wọ́n ní, "Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ mà dáa o. Délọ́lá, bu oúnjẹ fún un, ebi ló ń pa á."

Má rẹ́rìn-ín! Mo ní má rẹ́rìn-ín!

Ọ̀gá mùsíọ́ọ̀mù jáde, òyìnbó obìnrin kan báyìí, ó ti le ojú, ó fẹ́ lé wa. Àǹtí Mobáyọ̀ ti gbé àwo lé e lọ́wọ́: "Madam, ẹ wá bá wa jẹun." Déolú, obìnrin náà jókòó, ó jẹ, ó tún bù sí i! Ìgbà tó ń wá ibi tó máa gbé ife sí ló rí ọ̀rọ̀ lábẹ́ kúlà. Ó gbé kúlà kúrò. Ó rọra ní kí Àǹtí Délọ́lá dìde. Ó kà á tán, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní ta ló kọ eléyìí. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń kọ́ sórí láti ọjọ́ yìí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lanu ni, Àǹtí Mobáyọ̀ ní, "Àwa ni." Àwa! Wọ́n tún ní, "Ilé tó tóbi tó báyìí, ta ló ń se oúnjẹ níbẹ̀?"

Obìnrin náà gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní Anna lorúkọ ẹni tó ń dáná. Pé àwọn mọ orúkọ àwọn ẹrú mìíràn, ìgbìmọ̀ mùsíọ́ọ̀mù ni ò tíì gbà kí àwọn gbé e sára ògiri. Àǹtí Mobáyọ̀ dìde tàwọn ti ṣíbí, wọ́n kọjú sí ilé náà: "Màmá Anna, ẹ kú iṣẹ́ o." Gbogbo wọn dìde: "Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá!" Èmi tí mo kàwé, èmi tí mo lè sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, lẹ́yìn gbogbo wọn ni mo tó dìde kí i. Ẹ̀bi rẹ ni! Ká ní o di apá kejì mú ni, èmi ni ǹ bá kọ́kọ́ kí i!

Gbọ́ eléyìí ná. Ìgbìmọ̀ máa jókòó lọ́jọ́bọ̀. Ta ni wọ́n pè? Àǹtí Mobáyọ̀! Wọ́n ní Àǹtí lè mú ọmọ wọn dání. Ọmọ wọn, èmi nìyẹn o!

Ìwọ lo máa wà wá lọ. Lọ aṣọ rẹ, rọ epo kún mọ́tò, má sì ṣètò nǹkan kan sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, torí Àǹtí ní àwọn ò ní dìde níbẹ̀ títí a ó fi kí gbogbo wọn kú iṣẹ́ tán, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ.