Àga Onítáyà Tí O Fi Tì Mí Wọlé

Ẹnu ta lo fi sọ ọ́? Mo ní ẹnu ta ni! Dókítà bi mí léèrè, ojú èmi gan-an ló ń wò, ó ní, "Màmá, kí lẹ fẹ́ ká ṣe?" Kí n tó mí, ìwọ àkọ́bí mi ti gbà á lẹ́nu mi, o ní ó ti rẹ màmá, o ní kí wọ́n jẹ́ kí màmá lọ sinmi nílé. Sinmi kẹ̀! Ṣé mo sọ fún ọ pé ó rẹ̀ mí ni?

Má sọ̀rọ̀! Ìgbà tó yẹ kí o dákẹ́, o ò dákẹ́, ìsinsìnyí lo wá fẹ́ ṣàlàyé.

Jẹjẹrẹ ilé ẹyin ni, mo gbọ́. Ó ti tàn káàkiri inú ikùn, mo gbọ́ ìyẹn náà, etí mi ò di. Wọ́n ní ó lè má lọ pátápátá. Ṣùgbọ́n ṣebí dókítà kan náà ló ní oògùn wà tí wọ́n lè máa fà sí mi lára díẹ̀díẹ̀, pé ọjọ́ orí nìkan kọ́ làwọn ń wò, agbára ni? Ṣebí ìyá tó jókòó tì mí níta níbí, tó jù mí lọ dáadáa, oògùn yẹn ló ń gbà, tó tún ń bá àwọn nọ́ọ̀sì ṣàwàdà?

Agbára o! Ta ló wá lọ wá àga onítáyà? Èmi tí mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn wọlé láti ẹnu géètì, ẹsẹ̀ tí mo fi ń tẹ maṣíìnì ìránṣọ títí di àná! O ní kò dáa kí ayé máa wo ìyá rẹ bó ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, wọ́n á ní o ò tọ́jú mi. O gbé mi sórí àga bí ẹrù, o faṣọ bò mí lẹ́sẹ̀, o tì mí wọ yàrá dókítà. Dókítà wò mí, ó wo àga, ó gbà pé màmá yìí ò lè dá rìn. Ọ̀wọ̀ rẹ ló fẹ́ sin mí láàyè, Ọlọ́run ń gbọ́!

Kí lò ń sunkún sí? Mo mọ̀, ẹ̀rù ń bà ọ́ pé oògùn yẹn á pa mí níṣojú rẹ. Ẹ̀rù ń ba èmi náà, kí lo rò? Ṣùgbọ́n ara mi ni. Tí mo bá gbà á tí mi ò lè gbà mọ́, èmi fúnra mi ni màá sọ pé ó tó.

Ó yá, dìde, nu ojú ẹ. Fa àga yẹn wá. Rárá o, èmi kọ́, ìwọ ni kí o jókòó sínú ẹ̀. Mo ní jókòó! Èmi ni màá tì ọ́ wọlé tọ dókítà lọ, kó wá sọ fún wa èwo nínú àwa méjèèjì ni kò lágbára.