Èmi Ni Mo Ń Tú Ẹ̀rọ Ìránṣọ Màmá Mi

Ó ti tó gẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ kí ara lè tù mí: kì í ṣe ogbó ló ń ba ẹ̀rọ ìránṣọ màmá mi jẹ́ lọ́dún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, kì í sì í ṣe àìmọṣẹ́ bàbá mi. Èmi ni. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni.

Ọdún náà ni kóòtù tú ìgbéyàwó wọn ká. Màmá mi, aránṣọ, dúró sí ilé wa. Bàbá mi, tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe, gba yàrá kan ní òpópónà kejì. Wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, èmi ni wọ́n ń rán. "Sọ fún bàbá ẹ pé wọ́n gbàgbé fìlà wọn." "Sọ fún màmá ẹ pé kó fi nu ilẹ̀." Mo lọ, mo bọ̀, títí bàtà mi fi jẹ nídìí. Àfi ọjọ́ kan tí ẹ̀rọ màmá mi dédé kọṣẹ́, tí bàbá mi fi wá. "Ta ló da òróró ìdáná sínú ẹ̀rọ yìí?" "Èmi ni," ni màmá mi dáhùn. "Ṣé ẹ fẹ́ dín in ni?" Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín, màmá mi náà rín. Ojú ẹsẹ̀ ni èrò burúkú wọ orí mi.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, mo fi ṣóńṣó ọ̀bẹ tú súkúrù kékeré tó ń mú kí òwú le. Bàbá mi wá ní Sátidé. Mo tún tú u. Wọ́n tún wá. Ọ̀sẹ̀ méje gbáko! Èmi náà ni mo ń gbé àga fún wọn, tí mo ń ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà." Ẹ wo ojú mi!

Èyí tó burú jù ni ti ọ̀sẹ̀ kẹjọ. Mo kánjú, mo tú u kí màmá mi tó parí ṣòkòtò ọ̀gá ilé-ìfìwéránṣẹ́. Mo rí i pé ojú rírán rẹ̀ dẹ̀. Mo dákẹ́. Ní ọjọ́ Ajé, ọ̀gá náà bẹ̀rẹ̀ mú lẹ́tà tó já bọ́ níwájú èrò, ṣòkòtò sì là sí méjì. Ìwé ìròyìn ló fi bo ìdí dé ọ̀dọ̀ wa. "Ìyá aránṣọ, kò sí ẹni tí kò mọ ìdí mi mọ́ nílùú yìí!" "Ẹ má bínú, sà. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ mi ṣe ni ò mọṣẹ́ mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn tàn kálẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí kò fi sí aránṣọ tó ń pe bàbá mi mọ́. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù. "Ojú mi ló ti ń ṣe bàìbàì, ọmọ mi. Ẹ̀rọ kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ! Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wá máa ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù òun nílùú kejì. Ọ̀la ni mò ń lọ."

Mo wọ́ wọn lọ́wọ́ dé iwájú màmá mi, mo kúnlẹ̀. "Èmi ni mo ń tú u." "Tú kí ni?" "Súkúrù." Bàbá mi fò sókè. "Ojú mi ò bàjẹ́ nígbà náà?" "Ojú yín dáa, sà." "Ẹ dákẹ́ ná!" ni màmá mi wí. "Kí ló dé tó o fi ṣe é?" "Kí ẹ lè máa bá ara yín sọ̀rọ̀ ni, mà." Wọ́n wo ara wọn. Mo ń retí ẹkún àti ìdìmọ́ra. Bàbá mi wúkọ́. "Ìyà wo la máa fi jẹ ọmọ yìí?" "Kó lọ bẹ ọ̀gá náà níwájú èrò." "Mo fara mọ́ ọn." Láti ìgbà tí kóòtù ti tú wọn ká, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fẹnu kò lé lórí nìyẹn.

Wọ́n mú mi lọ, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Mo sunkún ìtìjú, mo sì gbàdúrà pé kí ọ̀nà náà gùn sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé oríta lábọ̀, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Wọn ò fẹ́ ara wọn mọ́ títí dòní. Bàbá mi kàn tú ẹrù wọn ni, wọn ò lọ mọ́; àwọn méjèèjì sì ń sọ ọ̀rọ̀ wọn fún ara wọn, wọn ò rán mi mọ́.

Gbogbo ẹni tí aṣọ rẹ̀ tú mọ́ ọn lára lọ́dún náà, ẹ ṣàánú mi, ẹ foríjì mí. Ẹ̀yin ọmọdé, bí ilé yín bá tú, ẹ la ẹnu yín sọ ohun tó ń dùn yín. Ẹ fi súkúrù onísúkúrù sílẹ̀.