Bọ́ọ̀lù Ò Mọ Àgbà

Èmi ò mọ nǹkan kan o, àbúrò mi, má wulẹ̀ bi mí. Kí ni èmi aránṣọ mọ̀ nípa gọ́ọ̀fù? Abẹ́rẹ́ ni mo mọ̀, òwú ni mo mọ̀. Àwọn ọlọ́gbọ́n ló mọ ìdí tí àgbà ọkùnrin fi ń wọ ibọ̀sẹ̀ funfun ní kùtù òwúrọ̀, tí wọ́n ń lé bọ́ọ̀lù tí kò tó ẹyin ẹyẹlé kiri pápá, tí wọ́n ń fi igi lù ú bí ẹni tó bú ìyá wọn. Ojú mi nìkan ni mo mọ̀. Wò ó! Sún mọ́bí, tan iná sí i. Ṣé ojú èèyàn nìyí àbí tòmátì tó ti jẹrà?

Ta ló ṣe é? Àna rẹ ni! Ẹni tí ọmọ rẹ fẹ́ fẹ́, ẹni tí o ń gbé gẹ̀gẹ̀ kiri àdúgbò pé irú ẹ̀ ò sí láyé mọ́, ẹni tí o tìtorí ẹ̀ wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi láti àárọ̀ pé kí n fọwọ́ sí i. Òun náà ni.

Ó ní kí n wá wo òun níbi tóun ti ń gbá gọ́ọ̀fù, kí ọkàn mi lè balẹ̀ pé ọwọ́ rere ni ọmọ ń bọ́ sí. Mo dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó: má dúró níwájú ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, bí o bá gbọ́ igbe, bo orí rẹ, má wòkè. Mo kà á, ó yé mi. Àfi bí ọkùnrin yìí ṣe gbé àga fún mi sábẹ́ igi kan lọ́ọ̀ọ́kán, níwájú rẹ̀ gan-an! Mo ní, “Ọmọ mi, ṣé iwájú kọ́ nìyí?” Ó ní, “Háà, mà, ẹ ò lè jókòó sẹ́yìn mi. Ta ni mo jẹ́ tí màá kọ ẹ̀yìn sí yín?”

O gbọ́ ọ! Torí kó má baà kọ ẹ̀yìn sí mi, ó kọ bọ́ọ̀lù sí mi.

Ó na igi, ó gbá a. Kàkà kí nǹkan náà máa lọ síbi àsíá tí wọ́n rì mọ́ inú ihò, ó yà bàrá, ó doríkọ mí. Ó sì rí i! Mo fi orí mi búra, ó rí i. Igbe kan ṣoṣo ló kù kó ké. Gbogbo wọn ló ń ké e níbẹ̀, kódà àwọn tí bọ́ọ̀lù wọn ò kúrò nílẹ̀ ń ké e. Kí lòun ṣe? Ó ṣí fìlà. Ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń jí ọmọ ìkókó: “Ẹ jọ̀ọ́ mà. Ẹ má bínú mà. Ẹ kú ìjókòó mà.”

Ẹ kú ìjókòó! Tí wọ́n bá kí àgbà, kí ni àgbà ń ṣe? Ṣé kì í dáhùn ni? Mo gbé ojú sókè, mo yí i sí i, mo ní, “O ṣeun, ọmọ...”

Bí kì í bá ṣe ọkùnrin tó ń bá a ru àpò igi, ojú yìí ti fọ́. Baba onírùngbọ̀n funfun kan ni, kò mọ̀ mí rí. Ó kàn fi gbogbo ọ̀fun lọgun: “Ìyá yìí, bẹ̀rẹ̀! Bo orí ẹ!” Ẹ̀rù ló tẹ̀ mí wálẹ̀, ni bọ́ọ̀lù bá fi ẹyinjú sílẹ̀, ó ba ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Èyí tó wá kó mi nírìíra nìyí. Mo wà nílẹ̀, mo ń yí nínú koríko, wíìgì mi ti gba ibòmíì lọ, ẹ̀jẹ̀ ń dà nímú mi. Àna rẹ sáré dé, ó fò mí kọjá! Ó lọ dojú kọ baba yẹn. “Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni? Ta lò ń pè ní ìyá yìí? Ta lò ń sọ fún pé kó bẹ̀rẹ̀?” Ó ní kó kúnlẹ̀ bẹ̀ mí. Ẹni tó gba ojú mi là, lórí ìkúnlẹ̀! Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ yí wa ká, wọ́n ń mi orí, wọ́n ní ọmọ tí wọ́n kọ́ ni. Tùẹ́! Ìgbà tí wọ́n wá rántí èmi, yìnyín tí wọ́n fi ń mu ọtí ni wọ́n dì sínú aṣọ ìnuwọ́, ni àna rẹ bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fi gbé e fún mi. Ṣé kí n kọ́kọ́ súre fún un ni, kí n tó gbé e lé ojú?

Má sọ fún mi pé ó lẹ́kọ̀ọ́. Dákẹ́. Ẹ̀kọ́ wo? O ń rẹ́rìn-ín, mo rí ọ, rín in tán. Bọ́ọ̀lù ò mọ mà, kò mọ sà. Ẹni tí ewu ń fò bọ̀ lórí ẹ̀, ṣé ìkíni ló ń wá?

O ní ó ti bẹ̀ mí láìmọye ìgbà. Ẹ̀bẹ̀ kí ni? Bi í! Ṣé o mọ ohun tó ń tìtorí ẹ̀ bẹ̀ mí? Ariwo tí baba yẹn pa mọ́ mi ni! Títí di bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí, kò tíì yé e pé òun ṣe nǹkan kan.

O sì fẹ́ kí n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ yẹn ti wí fún wa pé ẹni tí mo bá kọ̀, òun náà kọ̀ ọ́, torí èmi ni mo tọ́ ọ látìgbà tí ìyá ẹ̀ ti kú. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí, mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi tíì ní rárá. Ìwọ lo bí i, ìwọ ni kó o dá mi lóhùn. Bó bá ń sọdá títì lọ́jọ́ kan pẹ̀lú oyún nínú, tí ọkọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, tí ọkọ ẹ̀ dúró tó ń wò ó, tó sì jẹ́ pé ọ̀gá ọkọ ẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ náà, ṣé ó máa pariwo?